Bíbá ọ̀rẹ́ tí kò gbàgbọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ Kátólíìkì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún ọmọ Ìjọ Kátólíìkì tó ń gbé Ìlọrin tàbí apá gúúsù Kwara, láti Ọ̀fà títí dé Ọ̀mù-Àrán, tó ní ọ̀rẹ́ kan tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, tí kò sì mọ ibi tí òun yóò ti mú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, agbo ilé kan lè ní Alfa, ẹni tó ń lọ sí ECWA, ẹni tó ń gba Ara Olúwa àti ẹni tó ń bọ Ifá, kí gbogbo wọn sì jọ jẹ ẹran iléyá. Ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ fún ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń dá gbé kò lè bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu.

Ta gan-an là ń pè ní ẹni tí kò gbàgbọ́?

Ẹ má fi orúkọ kan pe gbogbo wọn. Ẹnì kan wà tó ti ronú títí tó ní Ọlọ́run kò sí. Òmíràn ní òun ò mọ̀ bóyá ó wà, òun ò sì rí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn sì wà tó gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé Ọlọ́run wà, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sìn ti sú u nítorí ohun tí wọ́n ṣe fún òun tàbí fún ìyá rẹ̀. Ẹni ìkẹyìn yìí máa ń sọ pé "Ọlọ́run ò sí" bíi ti ẹni àkọ́kọ́, àmọ́ ohun tó ń wí kọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ń bá a jiyàn nípa bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ ń wo ibà fún ẹni tí egbò ń ro.

Mùsùlùmí kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Ìwé Nostra Aetate tí Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn Bíṣọ́ọ̀bù, gbé jáde ní 1965 sọ ọ́ kedere pé Ìjọ ń bọ̀wọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí, àwọn tó ń sin Ọlọ́run kan ṣoṣo. Ẹni tó bá sì pe ọmọ Ìlọrin ní kèfèrí, ì báà jẹ́ àwàdà, ti pa ọ̀rọ̀ náà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?

Ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ bi í pé: "Ọlọ́run wo gan-an ni o ò gbà gbọ́?" Kí ẹ wá dákẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó máa júwe fún yín ni ẹnì kan tó jókòó sókè tó ń fi àìsàn jẹ èèyàn níyà torí pé kò san ìdámẹ́wàá, tàbí ẹni tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé kó lè sùn. Ẹ lè fi òótọ́ inú dá a lóhùn pé ẹ̀yin náà ò gba ìyẹn gbọ́. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu.

Ìbéèrè kejì: "Ìgbà wo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó báyìí?" Bí ìdáhùn rẹ̀ bá mẹ́nu kan òkú, ilé ìwòsàn, tàbí olórí ìjọ kan, ẹ fi àríyànjiyàn sílẹ̀, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́ta.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ó béèrè ohun kan, ẹ wá fi mẹ́fà dá a lóhùn. Ìbéèrè kan tó fún ìjókòó kan. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ ní "Jẹ́ kí n lọ béèrè," kí ẹ sì padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, torí pé bí ẹ ò bá padà wá, ó máa rò pé ìdáhùn ò sí ni. Ìwé Pétérù Kìíní 3:15 ní ká múra tán láti sọ ìdí ìrètí wa fún ẹni tó bá béèrè, ká sì fi pẹ̀lẹ́tù àti ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ìlàjì àkọ́kọ́ ló máa ń wà lórí ahọ́n wa.

Níbo àti nígbà wo ló dára?

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Kì í ṣe orò ẹni tó fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Gbogbo ibi tí òǹwòran bá wà ni ọ̀rọ̀ ti ń di ìjàkadì, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹ̀yìn òun kan ilẹ̀ lójú èrò. Nítorí náà, kì í ṣe lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ kíláàsì, kì í ṣe nínú mọ́tò láti Ìlọrin sí Ọ̀mù-Àrán níbi tí àwọn èrò mẹ́rìnlá á ti dá sí i, kì í sì í ṣe níbi ìsìnkú. Ẹ̀yin méjèèjì péré, níbi tí ọwọ́ yín ti dí díẹ̀: ẹ jọ ń rìn, ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tàbí ẹ jọ jókòó ti wàrà díndín nírọ̀lẹ́. Ojú tí kò kọjú síra wọn máa ń jẹ́ kí ẹnu yọ̀. Bí àwọn ará ilé rẹ̀ bá ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ katikísíìmù dé ibi ìṣínu wọn.

Ó ní kí n fi hàn òun pé Ọlọ́run wà. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe dé ìwọ̀n kan. Ìpàdé Vatican Kìíní kéde ní 1870 pé làákàyè èèyàn lè mọ̀ pé Ọlọ́run wà láti ara àwọn ohun tó dá. Ìjọ kò ní ká pa ọgbọ́n orí tì ká tó gbàgbọ́.

Ọ̀nà kan rèé, látọ̀dọ̀ Thomas Aquinas, olùkọ́ Ìjọ kan láyé àtijọ́, tí ẹ lè sọ láìlo ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ ronú àdúgbò kan tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ń fi wáyà fa iná lára ilé kejì. Ilé àkọ́kọ́ fà á lára ìkejì, ìkejì lára ìkẹta. Ẹ lè fi ẹgbẹ̀rún ilé kún un. Bí ó bá jẹ́ pé fífà ni gbogbo wọn ń fà, gílóòbù kan ò ní tàn. Ó di dandan kí ibì kan wà tí iná ti ń jáde, bíi Jẹ́bà tí omi ti ń yí ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wíwà. Ẹ̀yin wà torí atẹ́gùn àti oúnjẹ wà. Oúnjẹ wà torí ilẹ̀, òjò àti oòrùn. Oòrùn fúnra rẹ̀ ń jó ohun tí kì í ṣe òun ló dá a. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń yá wíwà rẹ̀, kì í ṣe láyé àtijọ́ nìkan, ní ìṣẹ́jú yìí ni. Ẹni tí kò yá tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun là ń pè ní Ọlọ́run. Omi Jẹ́bà náà ń yá tirẹ̀ lọ́wọ́ òjò, nítorí náà ẹ má fa àpèjúwe yìí títí yóò fi já.

Ọ̀rẹ́ yín máa béèrè pé: "Ta ló wá dá Ọlọ́run?" Ẹ má bínú, ìbéèrè gidi ni. Ohun tí a sọ kọ́ ni pé gbogbo nǹkan ló ní ẹni tó dá a. Ohun tí a sọ ni pé ohun tó bá ń gbà gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń fún un. Ẹni tí kò gba nǹkan kan, ìbéèrè yẹn ò kàn án.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí: bí ọ̀rẹ́ bá gbà dé ibẹ̀, a ó ti sáré mú un dé Mẹ́talọ́kan. Ọ̀rọ̀ wáyà yẹn kò dé ibẹ̀. Pé Orísun yẹn jẹ́ Bàbá, pé ó gbé ẹran ara wọ̀, pé ó kú, ó sì jíǹde, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi hàn, ẹ̀rí àwọn Àpọ́sítélì la sì fi mọ̀ ọ́n. Ibi tó yẹ kí ẹ mú ọ̀rẹ́ yín lọ ni 1 Kọ́ríńtì orí 15. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn ikú Jésù, ó dárúkọ àwọn tó rí i lẹ́yìn tó jíǹde, ó ní wọ́n lé ní 500 nígbà kan, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè nígbà tí òun ń kọ̀wé. Ẹni tó ń parọ́ kì í sọ fún àwọn èèyàn pé ẹlẹ́rìí ṣì wà, ẹ lọ bi wọ́n.

Sáyẹ́ǹsì ńkọ́?

Àlùfáà Kátólíìkì ará Bẹ́ljíọ̀mù ni Georges Lemaître, ẹni tó kọ̀wé ní 1927 pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i, tó sì sọ ní 1931 pé láti ibi kékeré kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀. Gregor Mendel tó ṣàwárí bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ, ẹni inú ilé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ Augustine ni. Ní ti bí ara èèyàn ṣe jáde láti ara ẹ̀dá mìíràn, Póòpù Pius Kejìlá ti sọ ní 1950 pé àwọn onímọ̀ lè máa wádìí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí a bá dì í mú pé Ọlọ́run ló dá ọkàn. Bí ọ̀rẹ́ yín bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kátólíìkì, NFCS, máa ń ní ẹni tó mọ ìwé tó lè bá a sọ ọ́ jù báyìí lọ.

Ọmọ rẹ̀ kú. Ó ní Ọlọ́run wo ló ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ẹ má sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ má sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn ọmọ náà jù wá lọ. Ẹ má sọ pé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń lé èèyàn kúrò nínú ìgbàgbọ́ ní àyíká wa, a rò pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un lọ́jọ́ òkú wà lókè pátápátá.

Nígbà tí àjálù dé bá Jóòbù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ méje yẹn nìkan ni wọ́n ṣe dáadáa. Nígbà tí wọ́n la ẹnu ni Ọlọ́run bínú sí wọn. Ẹ lọ jókòó. Ẹ gbé oúnjẹ lọ, ẹ fọ abọ́, ẹ padà lọ lọ́jọ́ kẹjọ nígbà tí àwọn alábàárò ti túká.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bí òun fúnra rẹ̀ bá tún béèrè, nígbà náà ni kí ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òdì: nígbà tí Aquinas fẹ́ kọ̀wé lórí bóyá Ọlọ́run wà, ìwà ibi ayé ni àtakò àkọ́kọ́ tó gbé kalẹ̀. Katikísíìmù náà sọ pé kò sí ìdáhùn kúkúrú kan tó lè tó o, àti pé odindi ìgbàgbọ́ Krístẹ́nì lódindi ni ìdáhùn. Apá kan nínú rẹ̀ yé wa: Ọlọ́run dá wa lómìnira, ẹni tó lómìnira sì lè pa ẹnìkejì rẹ̀ lára. Àmọ́ ibà ọmọdé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmìnira ẹnikẹ́ni, kí ẹ má sì díbọ́n pé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a lè sọ níbẹ̀ ni pé Ọlọ́run tí à ń sin kò wò ó láti òkèèrè. Ó sunkún níwájú ibojì Lásárù, ó sì kú ikú oró lórí igi.

Kí ni kí n fún un kà?

Ìhìnrere Máàkù. Orí 16 péré ni, òun ló kúrú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀sán kan sì tó èèyàn láti kà á tán. Ẹ lè pín in sí mẹ́rin, orí mẹ́rin mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ̀yin náà kà á kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó: ta ni ọkùnrin yìí rò pé òun jẹ́? Ẹ má fi Ìfihàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé Katikísíìmù fún un, ìpínrọ̀ 2,865 ló wà nínú rẹ̀, àwa gan-an tí à ń pe ara wa ní Kátólíìkì, mélòó nínú wa ló ti kà á tán?

Bí ó bá fẹ́ ra Bíbélì, ẹ sọ fún un pé èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ìwé 66 ló wà nínú rẹ̀. Ti Kátólíìkì jẹ́ 73. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ó máa wá Ìwé Ọgbọ́n tàbí ti Màkábì kò ní rí i, yóò sì rò pé ẹ̀yin lẹ fi kún un.

Ère àti Màríà ńkọ́?

Ìbéèrè àwọn ará ìjọ mìíràn lèyí sábà máa ń jẹ́. Ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà. Bí ó bá béèrè: Ọlọ́run nìkan là ń sin, Màríà là ń bọ̀wọ̀ fún, tí a sì ń bẹ̀ pé kó bá wa bẹ Ọmọ rẹ̀. Ìpàdé Nísíà Kejì, ní 787, ló là á sílẹ̀ pé ọ̀wọ̀ tí a fún àwòrán ń kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n yà síbẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní ilẹ̀ tó ni ère òkúta Èsìẹ́, ọ̀rọ̀ náà "ère" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́ òrìṣà.

Mo fẹ́ mú un wá sí Mísà. Báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ yan Mísà àárín ọ̀sẹ̀, èyí tí kì í ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹ má fi Sunday ìkórè tàbí básà bẹ̀rẹ̀: wákàtí mẹ́ta, ìfilọ̀ tí kò lópin, àpótí ọrẹ tó ń kọjá nígbà mẹ́rin. Ẹni tó ti ń fura pé owó ni ṣọ́ọ̀ṣì ń wá, ẹ̀rí lẹ mú un wá wò yẹn.

Kí ẹ tó lọ, ẹ sọ nǹkan mẹ́rin fún un. Kò pọn dandan kó dìde tàbí kó kúnlẹ̀, ó lè jókòó; bí ó bá wù ú, kó ṣe bí àwọn tó wà níwájú. Kò sẹ́ni tó máa béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kó dìde kí wọ́n kí i káàbọ̀. Ẹ bá àwọn aláàbójútó èrò sọ ọ́ ṣáájú, torí wọ́n fẹ́ràn àtimáa ṣe é. Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù: nígbà tí àwọn èèyàn bá tò lọ gba Ara Olúwa, kó jókòó sáyè rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nílé, kì í ṣe nínú ìlà: ẹni tó bá gbà á ń sọ pé "Àmín" sí gbogbo ohun tí Ìjọ gbàgbọ́, kò sì yẹ kí a fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí ọkàn rẹ̀ ò tíì sọ. Ẹ jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn Mísà, ẹ má bi í pé "Báwo lo ṣe rí i?" lójú ẹsẹ̀.

Ó ní Fadá kan hùwà àìdáa, àti pé owó ni gbogbo yín ń wá.

Bí òótọ́ bá ni, ẹ gbà pé òótọ́ ni. Ẹ má gbèjà ohun tí kò ṣeé gbèjà. Ní ti owó, òfin Ìjọ, nọ́ńbà 848, sọ pé òjíṣẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè ju iye tí aláṣẹ Ìjọ fi lélẹ̀ lọ, àti pé kí wọ́n má ṣe fi sákárámẹ́ntì du aláìní nítorí pé kò ní owó. Bí wọ́n bá ṣe ohun tó yàtọ̀ sí èyí níbì kan, òfin ni wọ́n rú.

Ṣé mo lè fi owó tàbí iṣẹ́ ràn án lọ́wọ́ kó lè rọrùn fún un láti wá?

Ẹ ràn án lọ́wọ́ torí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Ìgbà tí ẹ bá so ó mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti bà á jẹ́. Ìwé Ad Gentes tí Ìpàdé Vatican Kejì gbé jáde ní 1965 ka fífipá múni àti fífi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ fa ẹnikẹ́ni wọ ìgbàgbọ́ léèwọ̀. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí náà máa ń sọ pé kò sí ìfipá nínú ẹ̀sìn.

Ará ilé Mùsùlùmí ni. Kí ló yẹ kí n ṣọ́ra fún?

Apá 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Ẹ̀tọ́ wà lórí ìwé. Oúnjẹ alẹ́, owó ilé ìwé àti ọ̀rọ̀ ìyàwó wà lọ́wọ́ ẹbí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ pinnu ìgbà tí òun yóò sọ ọ́ nílé àti ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má gbé e sórí status. Ẹ má fi ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ ṣe àwàdà, kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá ń ṣe é, torí ọmọ lè bú bàbá rẹ̀ kó má fẹ́ kí àjèjì bú u. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé ìwé tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pé, ọ̀dọ̀ òbí ni ọ̀rọ̀ náà gbà lọ, kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ó ní òun fẹ́ di Kátólíìkì. Kí ló kàn?

Ẹ mú un lọ bá Fadá tàbí katikíìsì. Bí kò bá tíì ṣèrìbọmi rí, ó máa gba ọ̀nà tí Ìjọ dá padà ní 1972 fún àwọn àgbàlagbà: ìgbà ìbéèrè, tí kò ní iye ọjọ́, ètò gbígbà wọlé, ẹ̀kọ́, tó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ètò yíyàn ní Sunday àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ǹtì, àdúrà àyẹ̀wò ọkàn ní Sunday kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, lẹ́yìn náà, ní òru Àjíǹde, ìrìbọmi, ìfìdímúlẹ̀ àti Ara Olúwa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́ kan. Bí ó bá ti ṣèrìbọmi ní ìjọ mìíràn pẹ̀lú omi, ní orúkọ Bàbá àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, wọn kì í tún un ṣe. Kó wá ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tàbí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìwádìí yìí ló sábà máa ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin lè jẹ́ olùgbọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹ bá ti pé ọdún 16, tí ẹ ti gba ìfìdímúlẹ̀ àti Ara Olúwa, tí ìgbé ayé yín sì bá a mu.

Ìyàwó méjì ló ní. Ṣé ìyẹn ti dí i lọ́nà?

Kò dí i lọ́nà ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó kan ìrìbọmi. Òfin Ìjọ, nọ́ńbà 1148, sọ pé ọkùnrin tí kò tíì ṣèrìbọmi tó ní ìyàwó púpọ̀ tí àwọn náà kò tíì ṣèrìbọmi yóò di ọ̀kan mú. Bí dídi ti àkọ́kọ́ mú bá ṣòro fún un, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn yòókù. Òfin kan náà ní kí Bíṣọ́ọ̀bù rí i dájú pé wọ́n pèsè fún ìyàwó àkọ́kọ́ àti àwọn yòókù tó kúrò. Wọ́n máa ń gbàgbé apá yìí. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lé ìyá ọmọ rẹ̀ jáde kó lè ṣèrìbọmi ní Àjíǹde tó ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ Fadá ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó bá ẹnikẹ́ni nílé sọ ọ́.

Ó ti tó ọdún mélòó kan, kò yí padà. Ṣé èmi ni mi ò ṣe é dáadáa?

Ẹ̀bùn ni ìgbàgbọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń pín in. Mónícà gbàdúrà fún Augustine ọmọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ìyá tó bí i ni. Ẹni ọdún 32 ló jẹ́ nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose ṣèrìbọmi fún un ní Milan, ní Àjíǹde ọdún 387. Ẹ máa lọ síbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ẹ máa yá a lówó bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì máa gbà á padà bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ṣé mo lè béèrè Mísà fún un láìsọ fún un?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin Ìjọ, nọ́ńbà 901, gba Fadá láyè láti rú ẹbọ Mísà fún ẹnikẹ́ni, alààyè tàbí òkú, Kátólíìkì tàbí ẹni tí kì í ṣe é. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ka ìwé ẹ̀bẹ̀ náà sókè kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀, ìlú sì kéré. Ẹ kọ "fún ọ̀rẹ́ mi kan" síbẹ̀, kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.